Ibùsọ̀ Tó Kẹ́yìn: Láti Ìlú Ọba dé Òṣòdì

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò nígbà tí a bá ń kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Ọ̀rọ̀ náà ni ibùsọ̀. Gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní máìlì ni. Wọ́n ti kà á bẹ́ẹ̀ nínú Bíbélì àti nínú ìwé ìṣirò. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n tú u palẹ̀, kíláàsì a pa rọ́rọ́. N ó wá rán wọn létí ibùsùn, ibùdó, ibùjókòó àti ibùgbé, kí wọ́n lè rí i pé ibi tí a ti ń ṣe nǹkan ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń tọ́ka sí. Sọ̀ tí ó kù ni sọ̀ inú sọ̀kalẹ̀, òun náà ni aláàárù ń lò nígbà tí ó bá ní kí a bá òun sọ ẹrù, kí ọrùn òun lè sinmi. Ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ ni ibùsọ̀.

Èyí jẹ́ kí a mọ irú ojú tí àwọn baba wa fi ń wo ọ̀nà. Kí òyìnbó tó fi ẹ̀wọ̀n wọn ilẹ̀ fún wa, ara ni a fi ń wọn ìrìn àjò. Àárẹ̀ ọrùn, òùngbẹ, òòrùn tí ó kan àtàrí, ilẹ̀ tí ó ṣú báni lójú ọ̀nà, àwọn wọ̀nyí ni òṣùwọ̀n. Bí ẹnì kan bá béèrè bí ìlú kan ti jìn tó, ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé ìrìn ọjọ́ kan ni, tàbí ìrìn ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ó ya jíjìn ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára iye àkókò tí ọ̀nà náà ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń rìn ín. Ó yà mí lẹ́nu pé lónìí, tí a ní gbogbo irin iṣẹ́ tí a lè fi wọn ayé, ọ̀rọ̀ àwọn baba wa yìí ni a tún padà sí. Bí o bá bi ọmọ Èkó pé báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ti jìn sí, kò ní dárúkọ kìlómítà fún ọ. Yóò ní wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ ni.

Ó sì tọ̀nà. Láti pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní Ìlú Ọba dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Èkó, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni, èyí tí í ṣe nǹkan bí 3,100 ibùsọ̀. Bàálù ń fi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ rìn ín, ó lè dín díẹ̀, ó sì lè lé díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ó ti pẹ́ tí ọ̀nà náà ti kúrú dé ibi tí yóò kúrú dé. Ó ti lé ní 60 ọdún báyìí. Ìyókù ọ̀nà, èyí tí kò kúrú, tí ó tilẹ̀ ń gùn sí i nígbà mìíràn, ilẹ̀ ni ó wà, láàrin pápákọ̀ yẹn àti ilé oníkálukú wa.

Ìkẹjà ni ìwé máa ń sọ pé pápákọ̀ náà wà, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa tí a dàgbà ní Ìsọlọ̀, àti àwọn ará Máfolúkú àti Àjàó Ẹ̀sítéètì, àwa ni a mọ ohùn rẹ̀. Kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kò lè fi etí mọ bàálù tí ń gbéra yàtọ̀ sí èyí tí ń sọ̀kalẹ̀. Òṣòdì sì ni ẹnubodè rẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀nà Agége, ojú irin, àti ọ̀nà márosẹ̀ Apápá ti ń pàdé, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ti ń padà di ọmọ Èkó. Orúkọ náà pàápàá ń rántí arìnrìn-àjò. Òṣòdì Tápà, balógun Ọba Kòsọ́kọ́, ọmọ Tápà ni, láti òkè Ọya ni ó sì ti wá sí Èkó ní kékeré. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní ìparí ọdún 1851, ó bá olúwa rẹ̀ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, 1862 ni wọ́n sì tó padà wá tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọdún 11 ni ó gbà á kí ó tó rin ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi ń rìn láàrin ọjọ́ kan. Òṣèlú náà ń mú ọ̀nà jìn. A ó tún bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé níwájú.

Ní ọdún 1852 ni ọkọ̀ ojú omi tí ń fi agbára ooru omi gbígbóná rìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà láti Ìlú Ọba wá sí etíkun wa déédéé, lábẹ́ ilé iṣẹ́ tí Macgregor Laird dá sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, afẹ́fẹ́ ni ó ni ìrìn àjò, kò sì sí ẹni tí ó lè dá ọjọ́ fún afẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń ní ọjọ́. Nígbà tí yóò fi di ayé àwọn bàbá wa, tí ọkọ̀ Aureol ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster ń ná Liverpool sí Apápá láti 1951, ìrìn náà ti di ọjọ́ 13. Àwọn àgbà tí ó wọ ọkọ̀ náà lọ kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ 13 yẹn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ilé ìwé kan tí òun kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ọjọ́ 13 ni ó kọ́ àwọn ní ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì. Ará ilé a sì sìn wọ́n dé Apápá pẹ̀lú aṣọ ẹbí àti ìlù, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò ní rí ara wọn. Ọdún 1974 ni ilé iṣẹ́ náà dá ọkọ̀ akérò rẹ̀ dúró.

Bàálù kò dé bí ìjì. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1925 ni àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé bàálù balẹ̀ sí Kánò, láti Íjíbítì ni wọ́n sì ti wá. Ní oṣù kejì ọdún 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ ìrìn láti Khartoum sí Kánò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ọdún náà tó parí, wọ́n mú un dé Èkó. Kí ẹ̀yin òǹkàwé wo ọ̀nà yẹn lórí àwòrán ayé. Ẹni tí ó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ní Èkó yóò kọ́kọ́ lọ sí Íjíbítì, yóò tẹ̀ lé odò Náílì dé Khartoum, yóò wá yí ojú sí ìwọ̀-oòrùn, yóò gba El Fasher, yóò gba Fort Lamy tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, yóò gba Màídúgùrì àti Kánò, kí ó tó kan Èkó. Bàálù ìgbà náà kò lè fò jìnnà kí epo tó tán, alẹ́ sì ni wọ́n ń sùn sí. Ọjọ́ mélòó kan ni irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń gbà. Ibùsọ̀ ni gbogbo ìlú wọ̀nyẹn, ibùsọ̀ gan-an gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ṣe mọ̀ ọ́n: ibi tí a ti ń sọ ẹrù kalẹ̀, tí a ti ń mu omi, tí a ti ń sùn.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó sọ ọ̀nà kan náà di ìkòríta. Láti 1940 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń to bàálù ogun pọ̀ ní Takoradi ní Gold Coast, wọ́n á fò wọ́n gba Èkó, Kánò àti Màídúgùrì lọ sí Káírò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ni ó gba ọ̀nà náà kọjá. Lásìkò ogun yìí ni a kọ́ pápákọ̀ Ìkẹjà. Kì í ṣe nítorí wa ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ogun parí, pápá sì kù.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n já aṣálẹ̀ Sàhárà ní tààràtà. Bàálù ilé iṣẹ́ BOAC á gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, á balẹ̀ sí Tírípólì, á balẹ̀ sí Kánò, kí ó tó dé Ìkẹjà. Mo máa ń rò ó pé kò sí ohun tuntun nínú ìlà yẹn. Láti Tírípólì sí Kánò ni ràkúnmí ti ń rìn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí ìrìn náà ń gba oṣù mélòó kan. Bàálù kàn gba orí wọn kọjá ni. Ọ̀nà ìṣòwò àtijọ́ ni, a kàn gbé e gòkè.

Ìyípadà ńlá dé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1964. Ọjọ́ yẹn ni bàálù VC10 kọ́kọ́ kó èrò tí ó sanwó, Èkó ni ó sì kó wọn wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú gbogbo ìlú tí ó wà láyé, tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ná. Ó ní ìdí. Àwọn tí ó ṣe bàálù náà dìídì ṣe é fún pápákọ̀ ilẹ̀ olóoru bíi Kánò, Èkó àti Nàìróbì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kì í gbé ìyẹ́ bàálù dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ojú pápá mìíràn kò gùn tó. Nítorí náà ni wọ́n fi fún ìyẹ́ rẹ̀ lágbára, tí wọ́n sì ki ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i nídìí. Ojú ọjọ́ wa ni ó fún un ní àwọ̀ tí ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó ṣe di ìrìn wákàtí bíi mẹ́fà ààbọ̀. Bí a bá fi wé ọjọ́ 13 ti Aureol, a ti pín àkókò náà sí ọ̀nà 48, a sì mú ẹyọ kan.

Ibẹ̀ náà ni ó dúró sí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí VC10 yẹn balẹ̀ ti lé ní 60 ọdún, ìrìn náà kò sì dín kù ní wákàtí kan ṣoṣo. Bàálù ti tóbi sí i, ariwo rẹ̀ ti dín kù, epo tí ó ń jó ti dín kù, ṣùgbọ́n kò yára sí i. Nǹkan bí 900 kìlómítà láàrin wákàtí kan ni eré rẹ̀, díẹ̀ ni ó sì fi kéré sí eré ohùn. Bí bàálù bá fẹ́ kọjá eré ohùn, owó epo a di àrà ọ̀tọ̀. Concorde nìkan ni ó ṣe irú rẹ̀ pẹ́ láàrin àwọn tí ń kó èrò, láti 1976 di 2003, kò sì ní ìrìn déédéé sí Èkó rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Òkè-òkun ni à ń pe Ìlú Ọba, àwọn tí ó wọ Aureol ni ó sì ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ọsàn kan, tí a fi òwú so ibi méjì pọ̀ lára rẹ̀, tí a sì fà á le, òwú náà yóò wá ọ̀nà tí ó kúrú jù lọ fúnra rẹ̀. Ọ̀nà òwú yẹn ni awakọ̀ òfurufú ń gbìyànjú láti tọ̀. Òwú tí a bá nà láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ sí àríwá gbọnrangandan. Ó kọjá lórí ilẹ̀ wa, lórí Nàìjá àti Àlùjíríà, ó fò Òkun Mẹditaréníà, ó gba Faransé, ó sì fò omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dé ibi tí ó ń lọ. Iyanrìn ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó wà lábẹ́ èrò náà, òkun kò tó nǹkan. Òkè-aṣálẹ̀ ni ìbá máa jẹ́! Nítorí pé àríwá ni ojú kọ, òòrùn àwọn ìlú méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Nígbà òtútù wọn, aago tiwa fi wákàtí kan ṣáájú tiwọn, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago a dọ́gba. Ti Niu Yọ́ọ̀kì yàtọ̀. Ìyẹn tó nǹkan bí 8,400 kìlómítà, ìwọ̀-oòrùn ni ó kọjú sí, ó sì máa ń gba wákàtí bíi 11 ní lílọ. Àbọ̀ rẹ̀ máa ń yá ju àlọ lọ, nítorí ẹ̀fúùfù òkè tí ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn a máa ti bàálù lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ Niu Yọ́ọ̀kì mú mi padà sí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí mo fi Òṣòdì Tápà ṣí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá ìrìn bàálù láàrin Èkó àti ilẹ̀ wọn dúró, wọ́n ní ètò ààbò pápákọ̀ wa kò tó. Ìparí ọdún 1999 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òwú tí a nà lára ọsàn ti di kókó: Yúróòpù ni ọmọ Nàìjíríà ń yà sí kí ó tó dé Amẹ́ríkà. Ní 1997, ìjà bẹ́ láàrin ìjọba wa àti ti Ìlú Ọba lórí ọ̀rọ̀ bàálù ilé iṣẹ́ Nigeria Airways, kò sì sí ìrìn tààràtà sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́ títí di 1998. Ènìyàn á wọ mọ́tò gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ wọ bàálù ní Kútọnu tàbí Àkúrá. Bí ibùsọ̀ ṣe pọ̀ tó lórí àwòrán kò yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rìn ín mọ̀ pé ọ̀nà ti jìn.

Ìtòsí ilé náà sì ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1969, VC10 ti Nigeria Airways tí ó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó yà sí Róòmù àti Kánò, já lulẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní Ìkẹjà. Ẹni 87 ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yè. Wọ́n ti kọjá òkun, wọ́n ti kọjá aṣálẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù fún wọn kò pé ibùsọ̀ mẹ́wàá.

Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n ṣí ilé èrò tuntun pápákọ̀ náà ní oṣù kẹta ọdún 1979, èyí tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ wò láti ara Schiphol ti Amsterdam, tí wọ́n sì fi sọrí Ọ̀gágun Murtala Muhammed tí wọ́n pa ní 1976. Bàbá mi mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ wò ó. Àtẹ̀gùn tí ń rìn fúnra rẹ̀ ni mo rántí jù. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀ ń ka orúkọ ìlú lára pátákó. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ìlú náà, kò sì padà wálé fún ìgbà pípẹ́.

Ní 1996, àìsàn dá bàbá wa gúnlẹ̀. Mo lọ tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago nílé aládùúgbò kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì rí ìwé ìrìnnà bàálù rà fún Ọjọ́bọ̀. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, kí àáfà tó pe ìrun àsùbáà, bàbá wa dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti jáde nílé nígbà yẹn. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà sọ fún un. Mùsùlùmí ni bàbá wa. Òkú rẹ̀ kò ní sùn. Wọ́n ní ẹ̀yìn ìrun alásàárì ni àwọn yóò sin ín. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ṣírò fún wọn bí mo ṣe ń ṣírò fún yín yìí: ó gbéra láàárọ̀, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, yóò ti balẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù, pápákọ̀ sí ilé wa ní Ìsọlọ̀ kò sì pé ibùsọ̀ márùn-ún. Olórí ẹbí gbà pé kí a dúró, ṣùgbọ́n òòrùn kò gbọdọ̀ wọ̀ bá a lókè eèpẹ̀.

Ìṣirò mi tọ̀nà títí dé ibi tí ó dé. Kí aago márùn-ún tó lù, a wà nínú àgbàlá, a gbọ́ ohùn bàálù tí ń sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wa gbójú sókè. Ìyá mi ní, “Ó ti dé.” Bí òòrùn ṣe ń wọ̀, àáfà ń wo ojú ọ̀run, èmi ń wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìrun mọ̀gàríbì kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n gbé bàbá wa wọ inú ilẹ̀.

Ọkọ̀ agbépo kan ni ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ níwájú Òṣòdì. Mọ́tò tí ó lọ pàdé ẹ̀gbọ́n mi kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn. Ó lé ní wákàtí kan tí wọ́n jókòó síbẹ̀ kí ó tó bọ́ sílẹ̀, kí ó gbé àpótí rẹ̀ rù, kí ó sì máa fẹsẹ̀ rìn láàrin ọkọ̀ bọ̀ nílé. Ilẹ̀ ti ṣú, aago mẹ́jọ ti kọjá, nígbà tí a rí i ní ẹnu ọ̀nà, tí àpótí wà lórí rẹ̀, tí bàtà òyìnbó rẹ̀ di pupa. Ó wo ojú wa, kò béèrè nǹkan kan. Ó rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ eèpẹ̀ tútù náà, ó sì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Ó lé ní wákàtí mẹ́ta láti ìgbà tí bàálù ti fara kanlẹ̀. Ní irú wákàtí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti la Faransé kọjá, ó sì ti wọ aṣálẹ̀ Àlùjíríà.

Ìjọba kò ká ọwọ́ gbera lórí Òṣòdì láti ìgbà náà, a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé a kò rí i. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó ọjà kúrò lójú ọ̀nà níbẹ̀, tí ọ̀nà tí mọ́tò kì í lè gbà tẹ́lẹ̀ fi là. Inú àwọn awakọ̀ dùn. Àwọn ìyá tí wọ́n wó ìsọ̀ wọn ní ìtàn mìíràn láti sọ, ìtàn wọn kò sì kéré sí ti awakọ̀. Ní 2017 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà tí ó ti Òṣòdì lọ sí pápákọ̀, wọ́n fẹ́ ẹ́ títí ó fi lè gba mọ́tò mẹ́wàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá Òṣòdì, alájà lórí àjà. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ti kúrò ní Ìsọlọ̀ dé pápákọ̀ kí n tó parí gbígbọ́ ìròyìn orí rédíò. Àwọn ọjọ́ mìíràn sì wà tí òjò rọ̀, tàbí tí tírélà kan takú, tí mo pàdánù bàálù Àbújá, ìrìn tí kò ju wákàtí kan ó lé díẹ̀ lọ lójú òfurufú. Lọ́jọ́ kan mo lo wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò nítorí wákàtí kan yẹn.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Air Peace, tí í ṣe ti ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í ná Gatwick sí Èkó ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2024, ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí ó tètè wọ̀ ọ́ wálé. Ó ti di ẹni tí ó fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́, irun rẹ̀ ti funfun. Ó tẹ̀ mí láago láti pápákọ̀ kí ó tó wọ bàálù. Mo ní ẹ kú ìrìn o, ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni ẹ máa balẹ̀? Ó ní ìyẹn kò ṣòro, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ náà ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Báwo ni Òṣòdì?”